Ta Ni Ó Ń To Ètò, Ọ̀nà Wo Ni Ó Ń Gbà Dé Etí? Ìtàn Ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ Yorùbá ní Ilẹ̀ Okun láti 1935 títí dé Àsìkò Íntánẹ́ẹ̀tì

Ìfáàrà

Ìlú Mopa, tí í ṣe olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Mopa-Muro ní Ìpínlẹ̀ Kogi, wà lára àwọn ìlú tí a ń pè ní ilẹ̀ Okun. Ìkíni ni ó sọ àwọn ènìyàn yìí ní orúkọ. Nítorí pé “Okun” ni wọ́n fi ń kí ara wọn ni àwọn mìíràn ṣe ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Ìyàgbà, Owé, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ ni ẹ̀ka wọn, ẹ̀ka-èdè Yorùbá sì ni gbogbo wọn ń sọ. Ìyàgbà ni Mopa. Ohun tí ó mú ilẹ̀ yìí yẹ fún àyẹ̀wò nínú ìtàn ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ni pé ààlà ìjọba fi í sí apá kan, èdè rẹ̀ sì so ó mọ́ apá kejì.

Lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jókòó ní Mopa lè fi fóònù gbọ́ orin tí a ṣe ní Èkó, ìwàásù tí a ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù àti ìròyìn Yorùbá tí a kọ ní ọjọ́ náà gan-an. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ohun tuntun pátápátá ni èyí. Òótọ́ ni pé irinṣẹ́ náà jẹ́ tuntun, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó wà nídìí rẹ̀ kì í ṣe tuntun. Láti ìgbà tí a ti ń fi ohùn ránṣẹ́ láti ibì kan sí ibòmíràn ni ìbéèrè méjì ti ń bá iṣẹ́ náà rìn. Èkíní ni pé: ta ni ó ń to ètò, tí ó ń sọ ohun tí yóò ṣáájú àti ohun tí yóò tẹ̀lé e? Èkejì ni pé: ọ̀nà wo ni ohùn náà ń gbà kí ó tó dé etí? Iṣẹ́ yìí fi ìbéèrè méjèèjì yẹ ìtàn wò láti 1935. Kókó tí ó fẹ́ fi múlẹ̀ ni pé, ní gbogbo ìgbà, ẹni tí ó ni ọ̀nà ni ó ń yan èdè. Bí àwọn olùkọ́ kò bá sì kọ́ bí a ti ń to ètò àti bí ètò ṣe ń rìn, ẹ̀ka-èdè bí Ìyàgbà lè dákẹ́ láàárín ariwo púpọ̀.

Àpótí Onítìjú àti Wáyà Òyìnbó, 1935 sí 1951

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá, ọdún 1935, ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pípín ohùn rédíò káàkiri Èkó. Kì í ṣe orí afẹ́fẹ́ ni ohùn náà ń gbà wọ ilé. Ibùdó kan ni a ti ń gba ohùn Iléeṣẹ́ BBC láti Lọ́ńdọ̀nù, a sì ń fi wáyà pín in dé ilé ẹni tí ó bá san owó. Àpótí kékeré kan ni ó wà ní òpin wáyà náà. Orúkọ tí Yorùbá fún irú ẹ̀rọ yìí, asọ̀rọ̀mágbèsì, bá a mu gan-an: ó ń sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n kì í gba èsì. Onílé lè mú ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ tàbí kí ó mú un ròkè, ṣùgbọ́n kò lè yí i sí ibòmíràn. Lọ́ńdọ̀nù ni ó to èyí tí ó pọ̀ jù nínú ètò náà. Àyè díẹ̀ ni a fi sílẹ̀ fún ohun tí a ṣe ní ìlú.

Ìlànà yìí tàn dé Ìbàdàn ní 1939, ó sì dé Kano ní 1944. Àwọn ìlú ńlá ni ó bá lára mu, nítorí pé wáyà ń ná ni lówó, ilé púpọ̀ sì gbọ́dọ̀ sún mọ́ ara wọn kí owó náà tó padà wọlé. Àwọn ìlú inú Kabba àti àyíká rẹ̀, tí oko àti òkè là láàárín wọn, kò lè wọ inú irú ìṣirò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyí: kì í ṣe ìkórìíra nìkan ni ó ń mú kí a fo ìlú kan dá, iye owó ọ̀nà náà pẹ̀lú a máa fò ó.

Láàárín Ìbàdàn àti Kàdúná, 1951 sí 1967

Ní 1951 ni Ẹ̀ka Ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀, ní 1957 ni ó sì di àjọ tí òfin gbé kalẹ̀, tí a mọ̀ sí NBC. Ohùn kúrò nínú wáyà, ó bọ́ sí orí afẹ́fẹ́. Nígbà tí rédíò kékeré tí ń lo bátìrì sì tàn kálẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, kò tún pọn dandan kí iná ìjọba dé ìlú kí ènìyàn tó gbọ́ rédíò.

Ṣùgbọ́n ìjà lórí ẹni tí yóò to ètò kò pẹ́ kí ó tó bẹ́ sílẹ̀. Ní 1953, Gómìnà Macpherson fi rédíò bá àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ Action Group wí nítorí rògbòdìyàn lórí òmìnira. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ béèrè pé kí a fún òun ní àyè láti fèsì lórí afẹ́fẹ́ kan náà, wọn kò sì fún un. Ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tí ó mú kí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn pinnu láti ní iléeṣẹ́ tirẹ̀. Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kẹwàá, ọdún 1959, ni iléeṣẹ́ amóhùnmáwòrán WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, rédíò WNBS sì ń bá a rìn. Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ Yorùbá rántí pé Adébáyọ̀ Fálétí, òǹkọ̀wé àti akéwì, wà lára àwọn tí ó bá ibẹ̀ ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, níbi tí iṣẹ́ àtúntò fíìmù àti ìtọ́jú ilé-ìpamọ́ wà lára ohun tí ó ṣe. Ẹni tí ó ń tọ́jú ilé-ìpamọ́ mọ ohun tí ó wà nílẹ̀, ẹni tí ó bá sì mọ ohun tí ó wà nílẹ̀ ni ó lè to ètò.

Ìhà Àríwá ni ìjọba ka Kabba àti gbogbo ilẹ̀ Okun mọ́ ní gbogbo àkókò yìí. Kàdúná ni olú-ìlú wọn, kì í ṣe Ìbàdàn. Ní 1962 ni Ìjọba Àríwá náà bẹ̀rẹ̀ iléeṣẹ́ rédíò àti amóhùnmáwòrán tirẹ̀ ní Kàdúná, èdè Haúsá sì ni ó jẹ gàba lórí ètò rẹ̀ lẹ́yìn Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìta pẹ̀lú, BBC ti bẹ̀rẹ̀ ètò èdè Haúsá láti oṣù Kẹta ọdún 1957. Báyìí ni ará Okun ṣe wà láàárín méjì: ìwé àṣẹ àti iṣẹ́ ọba ń ti Kàdúná wá, ewì àti ìlù tí etí mọ̀ ń ti Ìbàdàn wá. Àpẹẹrẹ ẹni tí ó gbé nínú ayé méjèèjì ni Olóyè Sunday Awóníyì, ọmọ Mopa tí a bí ní 1932. Iṣẹ́ ìjọba Àríwá ni ó ṣe ní ìgbà èwe rẹ̀, ó sì di alága Àjọ Arewa Consultative Forum kí ó tó kú ní 2007, bẹ́ẹ̀ ni kò yé jẹ́ ọmọ Yorùbá.

Ìmọ̀ nípa afẹ́fẹ́ tan ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ sí bí ohùn Ìbàdàn ṣe lè dé òkèèrè. Ìgbì ààrin tí rédíò ń lò a máa fẹ̀gbẹ́ rìn lórí ilẹ̀ ní ọ̀sán, kì í sì í jìnnà púpọ̀. Ṣùgbọ́n ní alẹ́, ipele kan lókè sánmà a máa dá a padà sí ilẹ̀ níbi tí ó jìnnà. Afẹ́fẹ́ kò ka ààlà Ìhà Ìwọ̀-Oòrùn àti Àríwá sí. Ìjọba lè fa ìlà sórí máàpù, ṣùgbọ́n ìlà náà kò dé ojú ọ̀run.

Téèpù láti Ìgbájà sí Monrovia, 1954 sí 1990

Ọ̀nà kẹta tún wà tí àwọn òpìtàn kì í sábà mẹ́nu bà. Ìjọ Sudan Interior Mission, tí a mọ̀ sí SIM, ti fìdí múlẹ̀ ní ilẹ̀ Ìyàgbà láti ìgbà tí Tommy Titcombe ti dé Ẹ̀gbẹ̀ ní 1908. Ìjọ ECWA ni ó jáde láti inú iṣẹ́ náà. Ní oṣù Kìíní ọdún 1954, rédíò ELWA, tí ó ní àjọṣe pẹ̀lú SIM, bẹ̀rẹ̀ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ní Monrovia, olú-ìlú Làìbéríà. Èdè púpọ̀ ni ó fi ń sọ̀rọ̀ sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Yorùbá sì wà lára wọn.

Bí ètò Yorùbá ṣe ń dé orí afẹ́fẹ́ Monrovia yẹ fún àfiyèsí. Ní Ìgbájà, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara lónìí, ni ilé ìgbohùnsílẹ̀ wà. Níbẹ̀ ni a ti ń gba orin àti ìwàásù Yorùbá sórí téèpù. Téèpù náà yóò wá rin ìrìn àjò lọ sí Làìbéríà, wọn yóò gbé e sí ipò rẹ̀ nínú ètò, ìgbì kúkúrú yóò sì gbé ohùn náà padà wá sí ilẹ̀ tí ó ti jáde. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ ní Ìgbájà ní láti lọ sí Làìbéríà, kí ó sì padà bọ̀, kí aládùúgbò Ìgbájà tó gbọ́ ọ nínú rédíò. Ọ̀nà náà gùn, ṣùgbọ́n àwọn tí ó mọ èdè ni ó ṣe ètò náà.

Ewu tí ó wà nínú rẹ̀ hàn ní 1990. Ogun abẹ́lé Làìbéríà dé ọgbà ELWA, ó sì ba iléeṣẹ́ náà jẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n ti tún un ṣe díẹ̀, ogun tún bà á jẹ́ ní 1996. Ogun tí kò kan Yorùbá dí ọ̀nà tí ohùn Yorùbá ń gbà. Ẹni tí ó bá gbé gbogbo ẹyin rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ kan kò gbọdọ̀ kọsẹ̀.

Ìpínlẹ̀ Tuntun àti Ayé Kásẹ́ẹ̀tì, 1967 sí 2001

Nígbà tí a pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ méjìlá ní oṣù Karùn-ún ọdún 1967, Ìlọrin di olú-ìlú fún àwọn ará Okun. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, nígbà tí a sọ NBC di Radio Nigeria, a fi àwọn ibùdó rẹ̀ tí ó wà ní àwọn ìpínlẹ̀ lé ìjọba ìpínlẹ̀ lọ́wọ́. Yorùbá wá di èdè tí ìjọba ẹni fi ń báni sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́. Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹjọ ọdún 1991, a dá Ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀, Lọ́kọ́jà sì di olú-ìlú. Níbẹ̀, èdè Ígálà, Èbìrà, Nupe, Bàsà àti àwọn mìíràn ń bá Yorùbá pín àkókò kan náà. Wákàtí mẹ́rìnlélógún péré ni ó wà nínú ọjọ́. Ohun tí a bá fi kún ti ẹnì kan, a ti yọ ọ́ lára ti ẹlòmíràn ni. Àní nínú àyè tí a fún Yorùbá gan-an, Yorùbá àjùmọ̀lò ni ó sábà ń gbà á.

Kásẹ́ẹ̀tì, tí iléeṣẹ́ Philips gbé jáde ní 1963, ni ó kọ́kọ́ já ẹ̀wọ̀n yìí. Fún ìgbà àkọ́kọ́, olùgbọ́ fúnra rẹ̀ lè gba ohùn sílẹ̀, kí ó to orin ní bí ó ṣe wù ú, kí ó sì fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ awakọ̀. Àtòjọ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń ṣe lórí fóònù lónìí, ọmọ kásẹ́ẹ̀tì ni. Àléébù rẹ̀ ni pé téèpù a máa bàjẹ́: ooru, eruku àti ọ̀rinrin ni ọ̀tá rẹ̀. Ohùn àgbàlagbà tí a gbà sílẹ̀ níbi ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó ní 1985, tí ó sì wà nínú àpótí títí di òní, lè ti máa parẹ́ lọ.

Bí Àtòjọ àti Ìfiránṣẹ́ Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001 ni fóònù GSM bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Okùn abẹ́ òkun SAT-3 tẹ̀lé e, MainOne sì dé Èkó ní 2010. Àwọn iléeṣẹ́ tí ń fi orin ránṣẹ́ gba ibẹ̀ wọlé: Boomplay ní 2015, Spotify ní oṣù Kejì ọdún 2021. BBC gan-an, tí ó ti ń sọ Haúsá láti 1957, kò bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ka Yorùbá títí di oṣù Kejì ọdún 2018, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó sì gbé e sí. Ọgọ́ta ọdún ó lé díẹ̀ ni ó wà láàárín èdè méjèèjì.

Ó yẹ kí olùkọ́ mọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Ìlànà tí ó wọ́pọ̀ ni èyí tí iléeṣẹ́ Apple gbé jáde ní 2009, tí a ń pè ní HLS. A kì í fi ohùn tàbí àwòrán náà ránṣẹ́ lódindi. Sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí a kó wọn sí, yóò gé e sí wẹ́wẹ́, tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan kò ju ìwọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan lọ. Yóò wá ṣe ìwé àtòjọ kékeré kan tí ó ní orúkọ àti àdírẹ́sì ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Fóònù yóò kọ́kọ́ ka àtòjọ yìí, yóò sì máa lọ mú ẹyọ wọ̀nyí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ó ṣe ń lò wọ́n. A sábà máa ń ṣe ohun kan náà ní oríṣi mẹ́ta tàbí mẹ́rin, láti orí èyí tí ó wúwo dé orí èyí tí ó fúyẹ́, kí fóònù lè bọ́ sí èyí tí ó fúyẹ́ nígbà tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá rẹlẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni ó tẹ̀lé èyí. Èkíní, àtòjọ kì í ṣe ohùn. Orúkọ lásán ni ó ní. Bí ẹyọ tí ó tọ́ka sí bá ti parẹ́ lórí sáfà, orúkọ yóò wà, ohùn kò ní sí. Èkejì, àtòjọ ètò tí ń lọ lọ́wọ́ yàtọ̀ sí ti ètò tí a ti pa mọ́. Nínú ti èyí tí ń lọ lọ́wọ́, bí ẹyọ tuntun ṣe ń wọlé ni ti àtijọ́ ń jábọ́. Bí ẹnikẹ́ni kò bá pa á mọ́, ó ti lọ nìyẹn, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ rédíò àtijọ́. Ẹ̀kẹta, àwọn iléeṣẹ́ ńlá a máa kó ẹ̀dà sí ibùdó púpọ̀ tí ó sún mọ́ olùgbọ́, kí gbogbo ènìyàn má baà wọ́ lọ sí orísun kan ṣoṣo. Ìwúlò èyí hàn ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 2024, nígbà tí àwọn okùn abẹ́ òkun mélòó kan, tí SAT-3 àti MainOne wà lára wọn, já lẹ́bàá Abidjan, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì dákẹ́ tàbí kí ó máa wọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ohun tí ogun ṣe sí ELWA ní 1990, ìjábọ́ okùn ṣe irú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ní 2024.

Ẹ̀rọ Tí Ń Yan Ètò àti Ẹ̀ka-èdè Tí Kò Lórúkọ

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wákàtí mẹ́rìnlélógún kò tún há mọ́. Àyè wà fún Ìyàgbà, ó wà fún Bùnú, kò sì sí ẹni tí yóò yọ àkókò ẹnikẹ́ni. Èéṣe tí ẹ̀ka-èdè wọ̀nyí kò fi tètè hàn? Ìdí ni pé ẹni tí ń to ètò ti yí padà. Kì í ṣe ọ̀gá iléeṣẹ́ ní Kàdúná tàbí Ìlọrin mọ́, bí kò ṣe ìṣirò ẹ̀rọ tí ń wo ohun tí àwọn ènìyàn ti gbọ́ jù lọ kí ó tó dábàá èyí tí ó kàn. Ohun tí ọ̀pọ̀ bá gbọ́ ni yóò tún gbé síwájú, èyí tí díẹ̀ bá gbọ́ yóò sì máa rì. Lẹ́yìn èyí, ẹ̀rọ kò mọ ohun tí a kò sọ fún un. Bí a bá gbé ohùn ìyá àgbà kan láti Mopa síbẹ̀, tí a kọ “ohùn 003” sí i lára, kò sí ẹni tí yóò fi orúkọ Ìyàgbà wá a tí yóò rí i. Ní 1935 ìlú kò wọlé nítorí wáyà. Lónìí ó lè má wọlé nítorí àìkọ orúkọ.

Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Olùkọ́

Ìtàn yìí kò wúlò bí kò bá dé kíláàsì. Lákọ̀ọ́kọ́, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ wá kásẹ́ẹ̀tì tí ó wà nínú àpótí àwọn òbí wọn, kí wọ́n sì sọ ọ́ di fáìlì kí ó tó parẹ́. Kí fáìlì kọ̀ọ̀kan ní orúkọ ìlú, ẹ̀ka-èdè, irú ọ̀rọ̀ tàbí orin tí ó jẹ́, ọdún, àti ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Kí a gba ìyọ̀ǹda àwọn tí ó ni ohùn náà pẹ̀lú. Ilẹ̀ Okun ní ọ̀rọ̀ awo, gẹ́gẹ́ bí ti àwọn obìnrin Ọfọsí ní Ìyàgbà, tí kì í ṣe gbogbo etí ni ó wà fún.

Lẹ́ẹ̀kejì, kí olùkọ́ mọ ìṣirò ọ̀nà. Ẹ̀kọ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí a fi ohùn nìkan ṣe, ní ìwọ̀n kílóbíìtì 64 fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, yóò jẹ mẹ́gábáìtì 14.4. Bí a bá sọ ọ́ di kílóbíìtì 24, tí ó ṣì lè gbé ọ̀rọ̀ ẹnu dáadáa, mẹ́gábáìtì 5.4 ni. Àwòrán tí ó bá lo mẹ́gábíìtì kan fún ìṣẹ́jú-àáyá kan yóò jẹ mẹ́gábáìtì 225. Bí akẹ́kọ̀ọ́ ogójì bá ń gbọ́ ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ yẹn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mẹ́gábáìtì 576 ni wọn yóò jọ ná. Bí olùkọ́ bá gbà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí ó sì fi káàdì tàbí Bluetooth pín in, mẹ́gábáìtì 14.4 náà ni. Ọgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì tí awakọ̀ gbé kò tíì di àtijọ́.

Lẹ́ẹ̀kẹta, kí a má ṣe fi ẹ̀dà kan ṣoṣo sí ibì kan ṣoṣo. Kí ọ̀kan wà ní ilé-ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ ìlú tí ó ni í, kí ọ̀kan sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́ẹ̀kẹrin, kí olùkọ́ fúnra rẹ̀ to àtòjọ fún kíláàsì rẹ̀, kí ó má fi í sílẹ̀ fún ẹ̀rọ. Ó lè fi àlọ́ Ìyàgbà ṣáájú, kí ti Owé tẹ̀ lé e, kí ti Yorùbá àjùmọ̀lò sì kádìí rẹ̀, kí àwọn ọmọ lè fi ara wọn wé ara wọn. Àtòtẹ̀léra náà gan-an jẹ́ ìlànà ìkọ́ni.

Ìkádìí

Láti orí wáyà Èkó ní 1935 dé orí ìgbì Kàdúná àti Ìbàdàn, láti orí téèpù Ìgbájà dé orí àtòjọ inú fóònù, ọ̀nà yí padà lẹ́ẹ̀mẹ́rin ó kéré tán. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, ará Okun gbọ́ ohùn ẹlòmíràn ju bí ẹlòmíràn ti gbọ́ tirẹ̀ lọ. Nígbà tí ọ̀nà wà lọ́wọ́ ìjọba, ẹ̀bẹ̀ ni ó lè bẹ̀. Ọ̀nà tí ó wà nílẹ̀ báyìí kò béèrè ẹ̀bẹ̀. Iṣẹ́ ni ó béèrè: kí a gba ohùn sílẹ̀, kí a sọ ọ́ lórúkọ, kí a tò ó, kí a sì pa á mọ́. Asọ̀rọ̀mágbèsì ti ń gba èsì wàyí. Bí àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ lónìí kò bá fèsì ní ẹ̀ka-èdè ilẹ̀ Okun nígbà tí àwọn àgbà tí ó gbọ́ ọ dáadáa ṣì wà láyé, kò sí àtòjọ tí yóò lè pe ohùn tí ẹnikẹ́ni kò fi sílẹ̀.